Sẹ́ṣọ̀n inú sítúdíò bíi ti John Peel: orin mẹ́rin, ọjọ́ kan ṣoṣo. Báwo ni ká ṣe ṣe é?

Etí_Òru

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ètò orin alẹ́ kan wà lórí rédíò àdúgbò níhìn-ín ní ìlú ọba tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sẹ́ṣọ̀n: kí ẹgbẹ́ olórin kan máa wá sí sítúdíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ orin mẹ́rin, kí a gbà á sílẹ̀, kí a sì gbé e sórí afẹ́fẹ́. John Peel, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orin lórí BBC Radio 1, ni àwòkọ́ṣe wa. Yàrá tó wà nílẹ̀ gùn ní mítà mẹ́fà, ó fẹ̀ ní mítà márùn-ún. Míkísà ibẹ̀ lè gba ohùn 16 lẹ́ẹ̀kan náà, máìkì jẹ́ 12, DI box (àpótí kékeré tó ń so ohun èlò mọ́ míkísà láìlo máìkì) jẹ́ mẹ́ta. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ló sì sábà máa ń yíwọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye sí ọ̀rọ̀ yín: sẹ̀ǹtímítà mélòó, wákàtí mélòó.

Ọmọ_Àwo

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ọwọ́ tó kan wáyà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó bí sẹ́ṣọ̀n Peel, torí ibẹ̀ ni gbogbo òfin rẹ̀ ti wá.

Nígbà tí Radio 1 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1967, BBC kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi àwo orin kún gbogbo ọjọ́. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní needle time, láàárín BBC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ni àwo (PPL ló ń ṣojú wọn) àti Musicians' Union tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn olórin. Àdéhùn yìí ló fi gbèdéke sí iye wákàtí tí àwo lè fi dún. Àkókò tó bá ṣẹ́ kù, olórin gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó kọ orin náà fún BBC. Ìdíwọ́ yẹn ló di ọrọ̀. Peel ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọkọ̀ ojú omi Radio London dé ni, níbi tó ti ń ṣe ètò The Perfumed Garden lóru. Ó bọ́ sórí ètò orin Top Gear ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, kò sì kúrò ní Radio 1 títí ó fi kú ní Cusco, ní orílẹ̀-èdè Peru, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2004. Láàárín ọdún 37 yẹn, sẹ́ṣọ̀n tó lé ní 4,000 ló kọjá lórí ètò rẹ̀, láti ọwọ́ olórin àti ẹgbẹ́ tó lé ní 2,000. Ẹgbẹ́ The Fall nìkan ṣe 24, láti 1978 títí dé 2004. Needle time kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1988. Sẹ́ṣọ̀n kò bá a lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni òdiwọ̀n yẹn gan-an. Ẹgbẹ́ á wọ Maida Vale, sítúdíò tí BBC ń lò nígbà náà ní Delaware Road ní London, lọ́pọ̀ ìgbà Studio 4. Wọ́n á gba orin mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á po ohùn wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó parí. Kò sí pé ká padà wá lọ́la wá tún un ṣe. Ìyẹn ló fà á tí orin sẹ́ṣọ̀n fi máa ń gbóná ju ti inú àwo lọ, tó sì mọ́ ju ti orí pèpéle lọ. Bí ẹ bá fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ méjì, àwo orin ni wọ́n á ṣe fún yín, àwo tí kò sì ní dára tó èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun kejì: Peel fúnra rẹ̀ kì í sábà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba orin náà sílẹ̀. John Walters ni olóòtú ètò rẹ̀ láti 1969 títí dé 1991, àwọn olóòtú BBC mìíràn ló sì máa ń dúró ti ẹgbẹ́ ní sítúdíò. Dale Griffin, tó ti jẹ́ onílù ẹgbẹ́ Mott the Hoople rí, ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Peel á yan ẹgbẹ́, á sì fi wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yín má ṣe jókòó sí yàrá ẹnjiníà lọ́jọ́ náà. Bí ó bá wà níbẹ̀, òun ni ẹgbẹ́ á máa wá bí wọ́n ṣe máa tẹ́ lọ́rùn.

Ìyá_Míkísà

Ọmọ_Àwo ti la ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi aago sí i, torí kì í sábà jẹ́ máìkì ló ń ba sẹ́ṣọ̀n jẹ́, àkókò ni. Ẹgbẹ́ á pẹ́ dé, wọ́n á fi wákàtí mẹ́ta wá ohùn ìlù, orin kẹrin á wá di èyí tí wọ́n sáré kọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó kù ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gba ìwé kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́: ta ló ń ta kí ni, ta ló ń kọrin, áńpù mélòó, ohun èlò mélòó ló nílò iná, orin mẹ́rin wo, ìṣẹ́jú mélòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí sì ni orin karùn-ún tí wọ́n á fi ṣe àrọ́pò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n pààrọ̀ okùn gìtá ní ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Okùn tuntun á ṣì máa nà, á sì máa yẹ̀ kúrò ní ohùn títí di ìrọ̀lẹ́. Bákan náà ni awọ ìlù. Bátìrì ẹlẹ́fóòtì 9 tuntun fún gbogbo pẹ́dáálì.

Lọ́jọ́ náà gan-an, aago 12 ọ̀sán ni kí ẹgbẹ́ dé. Kí gbogbo ìdúró máìkì àti wáyà ti wà ní ipò kí wọ́n tó wọlé, kí nọ́ńbà sì ti wà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjèèjì. Aago 1 sí aago 2, ẹ gbé máìkì sí i. Aago 2, ẹ yẹ wáyà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan á fi ìka kan máìkì, ẹnì kejì á dárúkọ nọ́ńbà tó rí. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: ẹ gba ìṣẹ́jú-àáyá 20 sílẹ̀, kí gbogbo wọn jọ ta, kí ẹ sì gbọ́ ọ padà. Iná máìkì lè máa tàn lórí míkísà kó má sì dé inú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ní aago 2 ààbọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ní alẹ́, orin kan ti lọ nìyẹn.

Aago 3 ni orin kìíní. Ẹ fi orin tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó dùn jù. Èyí tó dùn jù ni kó ṣe ìkejì, nígbà tí ara ti yá tí kò sì tíì rẹ̀ wọ́n. Ìgbà mẹ́ta ni kí wọ́n ta orin kan mọ. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta ò bá dáa, ẹ sún un síwájú, ẹ mú òmíràn, kí ẹ padà sí i. Ìgbà karùn-ún kì í sábà dára ju ìkejì lọ; àṣìṣe á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí orin náà á ti tán. Aago 6 ààbọ̀, orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹun fún ìdajì wákàtí, ẹ má fò ó, torí etí tó ti gbọ́ ìlù fún wákàtí mẹ́ta ò lè ṣe ìdájọ́ kankan. Aago 7 sí aago 8 ààbọ̀, ẹ fi ohun tó kù kún un: ohùn kejì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gìtá kan tó sọnù. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú 45 fún orin kọ̀ọ̀kan láti po ohùn rẹ̀ pọ̀. Aago 11 ààbọ̀ ni ẹ máa parí. Ìdajì wákàtí tó kù jẹ́ ti dída fáìlì kọ síbi méjì.

Ẹ má gbàgbé ìdákẹ́jẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá lẹ́yìn tó parí. Onílù á fẹ́ gbé ọ̀pá sílẹ̀, onígìtá á fẹ́ sọ̀rọ̀, cymbal (àwo idẹ onílù) sì ṣì ń dún lọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí ẹnikẹ́ni má mira títí iná pupa á fi kú.

Akóhùnjọ

Lórí máìkì: pẹ̀lú ohun tí Etí_Òru kà sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ onílù, oníbéèsì, onígìtá méjì, oníkíbọọ̀dù àti akọrin méjì, báyìí ni mo ṣe máa pín in. Ìlù, mẹ́rin. Gìtá, méjì. Ohùn, méjì. Yàrá, méjì. Ìyẹn jẹ́ 10, ẹ ti fi méjì pamọ́ fún èyí tó bá kú. Béèsì wọ DI box kan, kíbọọ̀dù wọ méjì. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 13 nínú 16.

Máìkì mẹ́rin tó fún ìlù. Ọ̀kan wà lẹ́nu ihò ìlù ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tì í wọnú tó ku sẹ̀ǹtímítà 10 sí ibi tí òòlù ẹsẹ̀ ti ń lù ú, ẹ máa gbọ́ ìró òòlù ju ìró ìkùn ìlù lọ. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn sí ẹnu ihò, ìkùn á pọ̀ sí i. Ọ̀kan wà lókè etí snare (ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onílù), sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, kó tẹ̀ ní ìwọ̀n 45, kó kọjú sí àárín awọ. Méjì tó kù ni ti òkè: ọ̀kan gba orí snare lọ tààrà sókè, nǹkan bíi mítà kan, èkejì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún onílù, lókè ìlù ilẹ̀, ó kọjú sí snare. Kí jíjìnnà àwọn méjèèjì sí àárín snare bára dọ́gba. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ mú okùn kan, kí ẹnì kan di ẹnu rẹ̀ mọ́ àárín snare, ẹ nà án dé máìkì kìíní, ẹ so kókó síbẹ̀, ẹ wá gbé kókó náà lọ sí máìkì kejì. Bí jíjìnnà wọn ò bá dọ́gba, ìró snare á dé ibì kan ṣáájú ibì kejì, á sì dún tíńrín bí agolo nígbà tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohùn ń rìn nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mítà kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 3 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Etí ò lè kà á, ṣùgbọ́n ohùn méjì tó bá pàdé pẹ̀lú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ á máa jẹ ara wọn. Nítorí náà, lẹ́yìn tí gbogbo máìkì ìlù bá ti dúró, ẹ mú kí onílù lu ìlù ẹsẹ̀ àti snare nìkan, kí ẹ sì máa yí bọ́tìnnì polarity (èyí tó ń yí ìgbì ohùn sódì) máìkì kọ̀ọ̀kan padà níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìsàlẹ̀ ìró ti kún jù ni ẹ máa fi í sí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ó sì ju wákàtí kan tí a fi ń yí EQ (bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ àti òkè ohùn) lọ.

Gìtá: máìkì ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 5 sí ojú aṣọ áńpù, kì í ṣe ní àárín gbùngbùn ẹnu rẹ̀, bí kò ṣe ní agbede-méjì àárín àti etí. Àárín máa ń dún bí abẹ́rẹ́, etí máa ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ẹ gbé áńpù kúrò nílẹ̀, sórí àga, ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìlù. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e sókè kí ó lè dún bó ṣe ń dún lórí pèpéle, ẹ kọ̀. Ní yàrá mítà mẹ́fà, áńpù kékeré tí wọ́n ṣí dáadáa dára ju áńpù ńlá tí wọ́n pa mọ́lẹ̀ lọ, kò sì ní gba gbogbo máìkì ìlù lọ.

Gain, ìyẹn bí ẹ ṣe ṣí máìkì tó lórí míkísà: kí wọ́n ta ibi tó ga jù nínú orin tó le jù, kí góńgó rẹ̀ má kọjá −12 dBFS (0 dBFS ni òpin ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà). Ẹ má fi kún un torí pé ó dà bíi pé ó kéré. Nígbà tí iná pupa bá tàn, gbogbo olórin á ta á le ju bó ṣe ta á nígbà àyẹ̀wò lọ, dB 3 sí 6. Ààyè tí ẹ fi sílẹ̀ yìí ló máa gbà á.

Etí_Òru

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Okùn yẹn nìkan tó fún mi. Akọrin ń kọ́? Nínú yàrá kan náà, ìlù á wọ máìkì rẹ̀. Ṣé ká fi í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú hẹ́dífóònù?

Máìkì_Méjì

Ẹ fi í sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ohùn bá dá wà lọ́tọ̀, ẹ lè tún ìlà kan kọ láì tún gbogbo orin ta. Bí ìlù bá ti wà nínú máìkì ohùn, ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí ohùn ni ẹ ń ṣe sí ìlù. Ẹ fi ohùn ga díẹ̀, cymbal á bú jáde.

Àmọ́ hẹ́dífóònù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bo etí pátápátá, kí ohùn inú rẹ̀ má bàa jò wọ máìkì. Kí ohùn tó ń gbọ́ sì wá láti ara míkísà tààrà, kì í ṣe láti inú kọ̀ǹpútà. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sínú kọ̀ǹpútà kó tó padà sí etí rẹ̀, tí ìdádúró náà sì tó ìdá 10 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láìmọ̀. Bí ẹ ò bá ní ọ̀nà mìíràn, ẹ dín buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó rán an jáde) kù sí 64 tàbí 128.

Akóhùnjọ

Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà pé ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é bẹ́ẹ̀ fún sẹ́ṣọ̀n. Akọrin tí kò rí onílù kò ní mọ ìgbà tó ń mí sínú láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, onílù náà ò sì ní rí i. Ohun tí ẹ ń wá nínú sẹ́ṣọ̀n ni kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ máa mí.

Ẹ fi í sínú yàrá, kí ẹ lo ibi tí máìkì ò ti gbọ́rọ̀. Máìkì cardioid, bíi SM58, kì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Nítorí náà akọrin á kọjú sí ìlù, ẹ̀yìn máìkì rẹ̀ á sì wà sí ìlù. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ní òdì: akọrin dúró síwájú ìlù bí ẹni tó wà lórí pèpéle, ojú máìkì wá ń wo cymbal ní tààrà. Bí ó bá jẹ́ hypercardioid ni, kì í ṣe ẹ̀yìn gan-an ni kò ti gbọ́, ìwọ̀n nǹkan bíi 110 sí ẹ̀gbẹ́ ni, ẹ gbọ́dọ̀ yí i díẹ̀. Ẹnu sí máìkì, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Ẹ so kúbùsù tó nípọn mọ́ ìdúró méjì lẹ́yìn akọrin, kì í ṣe níwájú rẹ̀: ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú máìkì ń wò, ìró ìlù tó bá kọlu ògiri ibẹ̀ ló sì ń padà wọ inú máìkì.

Òfin mẹ́ta sí ọ̀kan náà á ràn yín lọ́wọ́: bí máìkì kan bá jìnnà sí ohun tó ń gbọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí máìkì tó sún mọ́ ọn jù má sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ.

Ìyá_Míkísà

Ẹ̀yin méjèèjì, ohùn akọrin ló máa sọ èyí tí ẹ máa ṣe. Akọrin tó ń pariwo, ẹ fi í sínú yàrá, ohùn rẹ̀ á borí ohun tó bá wọ máìkì. Akọrin tó ń kọrin bí ẹni tó ń sọ àṣírí, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ kí ó lè rí onílù. Ọ̀nà kẹta ni pé kó kọ ọ́ nínú yàrá kí ẹgbẹ́ lè tẹ̀ lé e, kó wá tún ohùn nìkan kọ ní aago 7. Ẹ gba ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ náà o. Ìgbà púpọ̀ ni ti àkọ́kọ́ máa ń dára jù.

Ọ̀rọ̀ ìkùnrùn wà tí ẹnì kankan ò tíì sọ. Bí DI tàbí áńpù bá ń kùn ní 50 Hz, ẹ tẹ bọ́tìnnì ground lift (tó ń já ìsopọ̀ ilẹ̀ wáyà ohùn) lára DI, kí ẹ sì mú iná gbogbo áńpù láti ojú ibì kan náà. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ wáyà ilẹ̀ kúrò nínú púlọ́ọ̀gì áńpù láé. Ìkùnrùn á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ onígìtá wà lórí okùn irin, ẹnu rẹ̀ wà lára máìkì irin, iná lè gba ara rẹ̀ kọjá. Irú ẹ̀ ti pa olórin.

Bí ẹ bá ń po ohùn pọ̀ fún FM, ẹ rántí pé ẹ̀rọ kan wà níwájú ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ tó máa tún un tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pa ní sítúdíò, á tún tẹ òkú ni. FM kì í gbé ju 15 kHz lọ, ó sì máa ń gbé ohùn tínrín ga kó tó rán an jáde. Ìdí nìyí tí "s" akọrin àti hi-hat (cymbal méjì tí onílù ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀) fi máa ń mú kí gbogbo orin rì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi de-esser (ẹ̀rọ tó ń rẹ "s" sílẹ̀) sí ohùn, ẹ dín hi-hat kù ju bí etí yín ṣe fẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní mono (ọ̀tún àti òsì pa pọ̀ di ọ̀kan) lórí rédíò kékeré kan kí ẹ tó ní ó parí. Gìtá tó bá pòórá ní mono ní àléébù polarity, ẹ padà lọ wò ó.

Ìwọ̀n: lórí PPM ti BBC (òṣùwọ̀n góńgó ìró), 4 ni ìró ìdánwò, ìyẹn −18 dBFS, góńgó orin ò gbọdọ̀ kọjá 6, ìyẹn −10 dBFS. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ń lo R128, òdiwọ̀n ìró àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní Yúróòpù, −23 LUFS (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe le sí etí) ni gbogbo orin, kí true peak, ìyẹn góńgó ìró gan-an, má kọjá −1. Kí orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dọ́gba.

Ọmọ_Àwo

Lórí yíyan ẹgbẹ́. Ohun tó mú kí àwọn olùgbọ́ Peel máa dúró ni pé wọn ò mọ ohun tó ń bọ̀. Punk, reggae, orin gìtá láti Zimbabwe, akéwì tó ń tẹ harmonium (dùùrù kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ dún), gbogbo wọn lálẹ́ kan. Ó fẹ́ràn Bhundu Boys débi pé ó ń fi wọ́n lé àwọn olùgbọ́ Radio 1 létí lemọ́lemọ́, The Four Brothers, àwọn náà láti Zimbabwe, ló sì wá ṣeré ní ayẹyẹ 50 ọdún rẹ̀ ní 1989. Ẹ má fi sẹ́ṣọ̀n ṣe èrè fún ẹgbẹ́ tó ti lókìkí. Ẹgbẹ́ tó ní orin mẹ́rin tó dára tí kò sì tíì ní àwo kankan ni sẹ́ṣọ̀n wúlò fún jù. Bí wọ́n bá fi téèpù ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa yan ẹgbẹ́ tó mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ orin nìkan.

Lórí afẹ́fẹ́, ẹ má to orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra. Lórí ètò Peel, wọ́n máa ń fọ́n wọn káàkiri láàárín àwo, kí ẹni tó bá ṣí rédíò nígbàkígbà lè bá ọ̀kan pàdé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún un gbé jáde.

Ìwé: ní Bìrìtéènì, òfin Copyright, Designs and Patents Act 1988 sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda olórin kí ẹ tó gba eré rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ewé kan tó. Kí ó sọ ẹni tó ni gbígbàsílẹ̀ náà, ìgbà mélòó ni ẹ lè gbé e jáde, bóyá ẹ lè fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe àlá. Ní 1986 ni ilé iṣẹ́ Strange Fruit bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sẹ́ṣọ̀n Peel jáde, ti New Order ló kọ́kọ́ jáde, àṣẹ BBC ni wọ́n sì ní láti gbà. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, títí kan onílù tí wọ́n yá fún ọjọ́ yẹn nìkan, kí wọ́n tó gbé ẹrù wọlé. Ní aago 11 alẹ́, ẹnì kan á ti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ tún kọ àkọlé orin, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti gígùn rẹ̀ sílẹ̀ fún PRS, ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin jọ, kí owó àwọn òǹkọ̀wé orin lè dé ọwọ́ wọn. Ẹ sì san owó iṣẹ́ fún ẹgbẹ́. BBC ń san án fún wọn ní ìwọ̀n tí Musicians' Union fọwọ́ sí. Bí agbára yín ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ san owó ọkọ̀, ẹ bọ́ wọn, ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Máìkì_Méjì

Ìpamọ́. Èyí dùn mí nínú ìtàn Peel: BBC pa ọ̀pọ̀ téèpù sẹ́ṣọ̀n àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n tún lò wọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀dà tí olùgbọ́ gbà sílẹ̀ láti ara rédíò nílé rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ ayé. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ibi ìpamọ́ ti pọ̀ báyìí.

Ní 48 kHz, bit 24, ohùn kan ń jẹ MB 8.64 ní ìṣẹ́jú kan. Ohùn 13 ń jẹ nǹkan bíi MB 112, wákàtí mẹ́ta gbígbàsílẹ̀ á tó GB 20. Ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ibi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Fáìlì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́, orin, ìgbà tí wọ́n ta á. Èyí tó bá ní orúkọ "tó parí gan-an" tàbí "tuntun 2" ti sọnù nìyẹn. Ẹ tọ́jú ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan, kí ẹ sì fi ìwé kan kún un: orúkọ olórin, ohun tí wọ́n ta, máìkì tó wà níwájú rẹ̀.

Etí_Òru

Ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè kan ló kù: bí ó bá di aago 6 ààbọ̀ tí orin mẹ́ta péré wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ìyá_Míkísà

Ẹ gbé mẹ́ta jáde. Tàbí kí akọrin àti gìtá kan dúró sí iwájú máìkì kan ṣoṣo, mítà kan sí wọn, kí wọ́n kọ ìkẹrin bí ẹni tó jókòó nílé. Ìṣẹ́jú 20 ni gbogbo rẹ̀. Bí gìtá bá borí ohùn, ẹ má fọwọ́ kan míkísà: kí onígìtá sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Akóhùnjọ

Kí máìkì náà wà ní gíga àyà akọrin, kó kọjú sókè díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú yàrá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní jíjìnnà yẹn, máìkì á gbọ́ ọ.